Ọ̀dà Ara Lọ́rí Ogun Hítílà

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Barking bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo ní mẹkáníìkì ni mí. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti rò pé ọlọ́pàá ni mí, nítorí bí mo ṣe máa ń wo èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé ní Upney, ó sì jókòó tì mí. Òun ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ fara balẹ̀ kà á. N kò ní tàn yín. Iṣẹ́ tèmi, iṣẹ́ ìfura ni. Ẹni tí kò bá lè fura kó má wulẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí nọ́ọ̀tì kan lásán tó láti rán èèyàn lọ sọ́run. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní Ìjẹ̀bú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kejì ní Dagenham níbí, lára ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kúnlé. Ti Dagenham yẹn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò ní yé yín bí n kò bá ti Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kásálí. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: bàbá mi fà mí lé e lọ́wọ́, ó ní kó má fi mí ṣeré, ó padà sí oko rẹ̀. Ọ̀gá Kásálí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fìlà rẹ̀ sì ti mu epo dúdú débi pé a kò mọ àwọ̀ tí wọ́n rà á mọ́. Lọ́rí ológun ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun Hítílà parí, àwọn òyìnbó ta ọ̀pọ̀ lọ́rí tí wọ́n fi jagun. Àwọn onímọ́tò wa rà wọ́n, wọ́n kan pákó sí wọn lẹ́yìn, wọ́n fi ń kó kòkó, igi gẹdú àti èèyàn. Nígbà tí mo fi débẹ̀, àwọn lọ́rí náà ti di arúgbó, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rin ọ̀nà Ìbàdàn bí ẹni pé ogun kò tíì tán.

Bí wọ́n bá gbé lọ́rí kan dé, Ọ̀gá kì í wo ọ̀dà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìka ni yóò fi kan ara rẹ̀ káàkiri bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè, yóò dẹ etí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò pe ọ̀kan nínú àwa ọmọ iṣẹ́.

"Kí lo gbọ́?"

"Irin ni, sà."

"Irọ́ ni. Pọ́tì nìyẹn. Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi pọ́tì dí i, wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Lọ máa fi kẹrosíìnì fọ irin, títí etí rẹ yóò fi là."

Ọ̀dà ni ọ̀tá rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí èké ni ọ̀dà. Ó ní ẹni tó bá kun mọ́tò kó tó tà á, ohun kan ló ń bò mọ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń fura sí. Ohun gbogbo tí a bá yọ lára lọ́rí, ó gbọ́dọ̀ fi ìṣó lu àmì kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ rẹ̀. Àmì yẹn wọ̀ mí lára. Títí mo fi fẹ̀yìn tì ni mo ń lù ú. Àdògán ìyàwó mi gan-an ní tirẹ̀ nídìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé táyà àwọn lọ́rí wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ríìmù wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni, wọ́n dé wọn pọ̀ bí ẹni dé àwo méjì léra, rọ́bà táyà sì wà láàárín. Òbìrí nọ́ọ̀tì méjì ló wà lójú rẹ̀. Ti inú, tó wà ní àárín gbùngbùn, ló so táyà mọ́ ara lọ́rí; ìyẹn ni èèyàn ń tú bó bá fẹ́ yọ táyà. Ti ìta, tó sún mọ́ rọ́bà, ló de àwo méjèèjì pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kún inú táyà tí o sì lọ tú ti ìta, o ti pa ara rẹ. Afẹ́fẹ́ yóò ya àwo méjì náà nípá, èyí tó kọjú sí ọ ni yóò fò wá bá ọ. Nítorí èyí ni àwọn ṣọ́jà fi kun nọ́ọ̀tì ìta ní pupa, kí ọwọ́ má ṣèèṣì.

Lásísì ni àgbà wa láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù, ó ti ń wá ìyàwó. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Ọ̀gá lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbé lọ́rí kan dé láti Ṣàgámù tí olówó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹni tó tà á fún un ti kùn ún ní àwọ̀ búlúù láti orí délẹ̀, ó dán bí aṣọ ọdún. Lásísì jókòó sídìí táyà iwájú, ó ń kọrin. Èmi wà lẹ́yìn ilé, mò ń fa omi. Ohun tí mo gbọ́ kò jọ ìbọn, kò jọ àrá. Nígbà tí mo sáré dé, mo kọ́kọ́ rí òòrùn nínú ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí òòrùn kò tíì wọ̀ rí. Mo gbójú sókè. Páànù òrùlé ti lu jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ilẹ̀, tí mo rí Lásísì.

Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ọ̀gá kò sunkún níwájú wa. Ó mú ọ̀bẹ, ó ha ọ̀dà búlúù kúrò lára nọ́ọ̀tì kan tó wà nílẹ̀, ó fi hàn wá. Pupa wà lábẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni òfin tuntun ti dé. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fáàfù táyà tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ọmọ fáàfù là ń pè é. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan táyà lọ́rí ológun, ọmọ fáàfù táyà náà gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín rẹ̀ kí ó tó gbé sípánà. Bí a kò bá rí i lẹ́nu rẹ, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà rẹ nìyẹn, ẹni tó bá sì rí ọ gbọ́dọ̀ gbá sípánà dànù lọ́wọ́ rẹ, ìbáà jẹ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ọmọ fáàfù wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Rúfọ́ọ̀sì, ìwọ lo jẹ ẹ̀wà tí ìyàwó mi gbé pamọ́ lánàá?"

Mo mi orí.

"O ò fèsì. Ó dáa, o ti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, ó jẹ́wọ́."

Mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo ṣiṣẹ́ ní Àpápá, mo wá sí Lọ́ńdọ̀nù, mo tún bọ́ọ̀sì ṣe fún ọdún pípẹ́. Owó tí wọ́n san gbé ilé ró, ó tó. Ohun tí ó yí padà ni irinṣẹ́. Sípánà ọlọ́wọ́ gígùn la fi kọ́ṣẹ́. O máa fi gbogbo ara tì í, nọ́ọ̀tì máa ké, á sì fà díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ń ṣe ohun tí kò yẹ, ó ṣeé ṣe kí o gbọ́ híhó afẹ́fẹ́ kí o tó ṣe é tán. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rọ ńlá kan yóò máa pariwo ní igun, yóò máa ti afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà gígùn wá sọ́wọ́ rẹ. O kàn fa ìka ni, tàràtàtà, nọ́ọ̀tì ti bọ́. Ó yá, ó dùn, kò sì fún èèyàn láyè láti ronú. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ gbé e ni mo ti ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ń rẹ́rìn-ín jù.

Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni ṣọ́ọ̀bù Téérì, lápá Whalebone, lẹ́yìn àwọn tó ń ta táìsì ilẹ̀. Téérì jẹ́ òyìnbó, ọmọ bíbí Dagenham. Iṣẹ́ ọ̀dà ló kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbẹ̀, mo gbà. Mọ́tò àtijọ́ ló ń sọ di tuntun fún àwọn tó bá fẹ́ràn wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, lọ́rí ológun kan wà nílẹ̀, irú ti Ọ̀gá Kásálí gẹ́lẹ́. Mo dúró, mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Téérì bi mí bóyá mo ti rí irú rẹ̀ rí. Mo ní òun ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ irọ́. Èmi náà wo ọ̀dà tó fi kùn ún, mo wò ó padà. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a sì bára wa ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni Kúnlé dé. Òun àti ẹbí rẹ̀ ti Peckham kó wá sí Barking nítorí ilé. Ọmọ ìjọ àwọn tó máa ń jọ́sìn nínú gbọ̀ngàn ńlá ni, tí ìlù àti gìtá wọn máa ń mi ilé. Ó lágbára, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó tún ń ra ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù, ó ń dì wọ́n sínú àgbá, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, yóò jáde lọ dá a lóhùn lẹ́yìn ilé, yóò fọwọ́ bo ẹnu. Mo wò ó. Mo fi í sọ́kàn.

Ìgbà náà la gba iṣẹ́ Màmá Dọ́rà. Òyìnbó arúgbó ni, ó ń gbé ní òpópónà kejì sí tèmi ní Upney. Bàbá rẹ̀ ló wa lọ́rí ológun nígbà ogun Hítílà. Òun náà wá irú lọ́rí bẹ́ẹ̀ rà, ó ti dípẹtà, ó ní kí a sọ ọ́ di bó ṣe wà lọ́jọ́ tí bàbá òun wà á, kí òun lè jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ń ṣèrántí àwọn tó bá ogun lọ. Fọ́tò bàbá náà pẹ̀lú lọ́rí rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn táyà náà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi rọ́bà tuntun sí wọn, tí afẹ́fẹ́ sì kún inú wọn, mo pe Kúnlé sídìí wọn.

"Wo òbìrí méjì yìí. Ti inú lo máa tú. Ti ìta, tí wọ́n kùn ní pupa, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀."

"Mi ò ní fọwọ́ kan pupa. Mo ti gbọ́, sà."

"Mo ní ti ìta. Pupa, àmì lásán ni."

"Bàbá, mo ti gbọ́ jàre. Pupa, dúró. Iná ojú títì náà ń sọ bẹ́ẹ̀."

Mo tún sọ ti ọmọ fáàfù fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ẹ fẹ́ kí n máa jẹ irin? Bí ẹ bá gbé e mì lọ́jọ́ kan ńkọ́? Kí ni màá sọ fún dókítà, pé bàbá gbé táyà mì?"

Kò ṣe é. Téérì náà kì í ṣe é. Èmi nìkan ni mò ń ṣe é, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń sún mọ́ òpin ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Àwo idẹ kékeré kan wà níwájú dírẹ́bà tí wọ́n kọ nọ́ńbà lọ́rí náà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo débẹ̀, ihò ìṣó nìkan ló kù. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìdérí iná iwájú kan kò sí mọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí, àwọn tó ń kó wọn jọ sì máa ń jà lé wọn lórí. Àwa mẹ́ta péré ló ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ibi tí ọkàn mi lọ. Kò lọ sọ́dọ̀ Téérì rárá. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló mú, nítorí àgbá tó ń dì lọ sí Èkó. Àwa tí a wá láti ibì kan náà, ara wa la kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ọjọ́ Ìsinmi ni èmi máa ń wà ní ìjọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjọ tirẹ̀ tètè ń parí. Mo rò ó, mo ní, "Ìgbà yẹn ló ń wá síbẹ̀." N kò sọ fún Téérì. Mo fẹ́ mú un pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ló so àwọn táyà mọ́ ara lọ́rí náà. Mo rí pupa wọn kí n tó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ pàdé mi. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di àwọ̀ ewé láti àárín dé etí, gbogbo nọ́ọ̀tì wọn bákan náà, kò sí pupa kankan. Mo ní, Kúnlé ti pààrọ̀ wọn. Ó ti kó ríìmù ogun gidi lọ, ó gbé ayédèrú wá, ó fi ọ̀dà bò ó. Àmì ìṣó mi wà lẹ́yìn ríìmù kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá yọ ọ̀kan, mo máa mọ̀. Ó sì bọ́ sákòókò, nítorí Téérì ti sọ fún wa pé bíréèkì ń fà sápá kan, kí a yọ táyà iwájú méjèèjì kí a wò ó kí òun tó mú Màmá Dọ́rà dé.

Kúnlé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ha, ẹ wo bó ṣe dán! Ta ló kùn ún?"

Mo ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ bi."

"Èmi kẹ̀? Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Mo wò ó lójú. Ó mọ irọ́ pa, mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú ara mi. Mo ní kó mú ti ọ̀tún, èmi yóò mú ti òsì.

Mo yọ ọmọ fáàfù tèmi, mo fi í sáàárín eyín, mo jókòó lórí àpótí, mò ń dúró kí afẹ́fẹ́ tán. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń ké ní igun bí ẹni tí wọ́n ń pa. Àpótí náà rẹlẹ̀. Láti ibẹ̀, mo lè gba abẹ́ lọ́rí wo ọwọ́ Kúnlé ní apá kejì. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Mo fẹ́ rí bí ọwọ́ olè yóò ṣe gbọ̀n nígbà tó bá mọ̀ pé a fẹ́ yọ táyà tí òun pààrọ̀.

Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ó gbé ìbọn afẹ́fẹ́ sókè, ó fi ẹnu rẹ̀ sórí nọ́ọ̀tì kan. Ti ìta ni. Tàràtàtà, ó bọ́. Ó sún mọ́ èkejì. Tàràtàtà.

Mo fẹ́ ké. Ọmọ fáàfù wà lẹ́nu mi. Bí kò bá sí lẹ́nu mi pàápàá, ẹ̀rọ yẹn kò ní jẹ́ kó gbọ́. Páànù òrùlé Ọ̀gá Kásálí ni mo rí, pẹ̀lú òòrùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ lọ bá Kúnlé gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, oríkèé tí wọ́n fi so ó sì wà níbẹ̀. Mo di òrùka rẹ̀ mú, mo fà á sẹ́yìn.

Gbàà! Rọ́bà já, ó fò sókè, ó na ara lọ́rí bí ejò tí wọ́n gé lórí. Kúnlé fi ìdí jókòó sílẹ̀, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tutọ́ ọmọ fáàfù dànù, mo sáré pa ẹ̀rọ.

"Bàbá! Kí ló ń ṣe yín? Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kúrò níwájú táyà yẹn! Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́! Má fọwọ́ kàn án!"

"Kí ni mo ṣe? Ẹ ní kí n má tú pupa. Èwo ló pupa níbẹ̀?"

Mo rá lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà, kì í ṣe iwájú rẹ̀, mo nawọ́ sí fáàfù, mo tú ọmọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pẹ́. Mo dúró tì í títí ó fi tán, tí mo gbé etí síbẹ̀ tí n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo ṣa ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì tó ti bọ́, mo ha á. Àwọ̀ ewé ṣí. Pupa yọ.

Kúnlé wò ó. Ó ní, "Jésù." Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. Ó tún ní, "Bàbá, ẹ̀yìn yín ló yẹ kó kọ sí mi. Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Mò ń ṣọ́ ọ ni."

"Ẹ ń ṣọ́ mi kí n má bàa ṣe é ní àṣìṣe?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ì bá dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀dà kun nǹkan rí.

"Rárá. Mo rò pé olè ni ọ́. Mo rò pé ìwọ lo kó àwo idẹ, tí o pààrọ̀ táyà."

Ó dìde nílẹ̀, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Téérì mú Màmá Dọ́rà wọlé. Ohun kan wà lọ́wọ́ ìyá náà, ó fi aṣọ ìnuwọ́ ilé ìdáná wé e. Ó tú u lórí bẹ́ńṣì wa: àwo idẹ àti ìdérí iná iwájú, wọ́n ń dán. Ó ní òun fúnra òun ló fẹ́ nù wọ́n, nítorí idẹ ni bàbá òun kọ́ òun láti máa nù. Ọjọ́ Ìsinmi ni Téérì máa ń ṣílẹ̀kùn fún un, kó lè jókòó pẹ̀lú lọ́rí rẹ̀ níbi tí kò sí ariwo. Nígbà tí èmi àti Kúnlé wà ní ilé Ọlọ́run, tí oníkálukú wa ń gbàdúrà, àwọn òyìnbó méjì yìí ti sọ ṣọ́ọ̀bù wa di ilé tíì.

Mo fi nọ́ọ̀tì tí mo ha han Téérì. Ojú rẹ̀ funfun ju bí ó ṣe funfun tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní òun kùn wọ́n lápapọ̀ pẹ̀lú èrò láti fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dá pupa padà. Màmá Dọ́rà ló yọ fọ́tò jáde, tó ní kó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé nínú fọ́tò bàbá òun, àwọ̀ kan náà ni gbogbo táyà náà.

Mo gba fọ́tò náà, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Lóòótọ́, àwọ̀ kan náà ni. Fọ́tò dúdú àti funfun ni. Pupa àti ewé, eérú kan náà ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀.

Mo ní, "Màmá, bàbá yín rí pupa yìí lójoojúmọ́. Òun ló jẹ́ kó padà wálé."

Ìyá náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Téérì fún òun ní búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà pupa náà ń kán sí bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kùn wọ́n, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi wo ẹ̀yìn ríìmù tèmi. Àmì ìṣó mi wà níbẹ̀.

Kúnlé kó báàgì rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Nínú gbogbo wa, èmi lẹ rò pé ó jalè."

"Ìwọ ni."

Ó lọ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ṣe ń kí àna tí wọn kò fẹ́ràn ló ṣe ń kí mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ lè ní ọkàn mi le. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ká ní mo gbà á gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ǹ bá kọ ẹ̀yìn sí i, ǹ bá kọjú sí táyà tèmi, òkú rẹ̀ là bá sì gbé kúrò níbẹ̀. Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti sún mọ́ táyà lọ́rí ológun, ọmọ fáàfù máa ń wà láàárín eyín rẹ̀. Èmi náà rí ọ̀rọ̀ sọ fún un nígbà náà.

"Kúnlé, ìwọ lo mu tíì mi?"

Ó mi orí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O ò fèsì. O jẹ́wọ́."

Lọ́jọ́ ìrántí náà, èmi àti ìyàwó mi lọ dúró lójú títì, òtútù ń já wa jẹ. Lọ́rí náà kọjá, Màmá Dọ́rà wà níwájú rẹ̀, ó na fọ́tò bàbá rẹ̀ sí ojú gíláàsì kí bàbá náà lè máa wo ọ̀nà. Nọ́ọ̀tì pupa ń yí lára táyà, ọ̀dà wọn kò gún, ó ti kán kọjá ibi tó yẹ. Ẹnìkan wá dúró tì mí. Kúnlé ni.

Kò wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣì ń fura sí mi?"

"Mò ń fura."

"Ẹ má dáwọ́ dúró, sà."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kúnlé ló ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀ fún Téérì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó níwájú ilé, mò ń bó ọsàn tí mo rà ní ọjà East Street, ó wa mọ́tò kan wá dúró síwájú mi. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ló fẹ́ tà á fún àwọn, gbogbo ìwé rẹ̀ pé, ìyàwó òun sì fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ dákun, sà, kí n tó sanwó. Ẹ bá mi fura sí i."

Mo gbé ọsàn sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi. Ọ̀dà mọ́tò náà ń dán yinrin, mo rí ojú ara mi níbẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀.